Ìmọ̀ràn Lórí Ilé Àtijọ́: Ta Ni Yóò Dáhùn?

Ilojo Bar, ilé tí ìdílé Àgùdà kan kọ́ sí Tinúbú l'Ékòó ní nǹkan bí 1855, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹnjiníà tí wọ́n bá pè wá wo irú ilé bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu. Bó bá ní ilé ṣì lágbára, tí ilé náà sì wó lu èèyàn, ọrùn rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bó bá ní kí wọ́n wó o, kò sí owó tó lè rà á padà.

Ìmọ̀ràn lórí àtúnṣe náà ní ewu tirẹ̀: ẹ wo ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì. Ògiri amọ̀ a máa mu omi, a sì tún máa gbẹ. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi á há sínú, amọ̀ á máa rọ̀ lábẹ́ ara tó ń dán. Ẹni tó dá a lábàá ńkọ́? Láti 1963 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Bìrìtéènì ti sọ pé ìmọ̀ràn àìfarabalẹ̀ lè sọ onímọ̀ iṣẹ́ di onígbèsè.

Nítorí náà, ẹ̀yin onímọ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ yẹ̀ wò sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ojú yín kò tó: ìpìlẹ̀, abẹ́ òrùlé, igi tí ikán lè ti jẹ. Kí ẹ sì rí i pé adójútòfò yín kan ilé àtijọ́.