Ọ̀rọ̀ àti Àwọn Ẹbí Rẹ̀: Ìtàn Ìwé Tí Peter Mark Roget Kọ

(Ìlù dùndún fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó tó rọlẹ̀ lábẹ́ ohùn asọ̀tàn)

ASỌ̀TÀN: Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó rí láti kọ lẹ́tà, tàbí tí ó ti dìde rí láàárín àwùjọ láti fèsì, tí ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbé e jáde há sí i lọ́fun, yóò mọ iyì ọkùnrin tí a fẹ́ ròyìn rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, nítorí pé ìnira yìí gan-an ni ó wá oògùn sí, ó sì lé ní ogójì ọdún kí oògùn náà tó jinná.

Peter Mark Roget ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a ti bí i ní ọdún 1779. Bàbá rẹ̀, tí í ṣe àlùfáà ọmọ ìlú Geneva, fi ayé sílẹ̀ nígbà tí ọmọ náà kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ó sì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ àti ọwọ́ Samuel Romilly, arákùnrin ìyá rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Edinburgh, ó gba oyè dókítà ní 1798 láìtíì pé ọmọ ogún ọdún, ó sì di oníṣègùn ní ilé ìwòsàn ìlú Manchester. Ibẹ̀ ni ó wà ní 1805 tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí kó ọ̀rọ̀ jọ ní agboolé-agboolé sínú ìwé kékeré kan. Kò ṣe é nítorí ẹlòmíràn. Nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ kọ ìwé tàbí kí ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, á ṣí ìwé náà, á wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá èrò rẹ̀ mu rẹ́gí, á sì pa á dé.

Ayé kò ṣe ẹ̀rọ̀ fún un. Ní ọdún 1818, Romilly, agbẹjọ́rò ńlá tí ó ti jà fitafita kí a má ṣe máa pa ènìyàn nítorí olè kékeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàdánù aya rẹ̀. Ìbànújẹ́ náà sì pọ̀ ju ohun tí ọkàn rẹ̀ lè gbé lọ, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, Roget tí í ṣe dókítà sì wà níbẹ̀, apá rẹ̀ kò ká a. Ní 1833, Mary, aya Roget fúnra rẹ̀, tún kú, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un. Ní tèmi, mo gbà pé ẹni tí ayé bá ti da nǹkan rẹ̀ rú tó báyìí kò lè ṣàì fẹ́ràn ibi kan tí ohun gbogbo ti wà ní àyè tirẹ̀, àti pé ìtùnú tí kò rí lọ́dọ̀ ènìyàn, ó rí díẹ̀ nínú rẹ̀ nídìí títo ọ̀rọ̀.

Ó lé ní ogún ọdún tí ó fi jẹ́ akọ̀wé Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀ràn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó fi ipò náà sílẹ̀, tí ó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá àga ìrọ̀gbọ̀kú, ni ó tó wá fa ìwé àtijọ́ yẹn yọ, ó jókòó tì í, ilé iṣẹ́ Longman sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1852. Òun náà ni ayé ń pè ní Roget's Thesaurus títí di òní olónìí.

(Ìlù díẹ̀)

Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, irú èyí tí Samuel Johnson ṣe ní 1755, lẹ́tà ni a fi ń to ọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì ti ní ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ó ń lọ síbẹ̀ lọ béèrè ìtumọ̀. Roget yí ọ̀nà náà padà: ẹni tí ó ní ìtumọ̀ lọ́kàn ni ó ń pè wá gba ọ̀rọ̀. Ó pín gbogbo ohun tí ènìyàn lè rò sí ọ̀nà mẹ́fà, ó sì tún pín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà títí wọ́n fi di 1,000 orí. Ẹ jẹ́ kí a ṣí i wò. Orí kìn-ín-ní ni wíwà; èyí tí ó dojú kọ ọ́ lójú ìwé kan náà ni àìsí. Ìbẹ̀rẹ̀ kọjú sí òpin, agbára kọjú sí àìlágbára, ìrètí kọjú sí àìnírètí, òpó méjì méjì lójú ewé, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹrù ọ̀rọ̀ tirẹ̀, títí a fi dé orí ẹgbẹ̀rún, níbi tí ó to ilé ìjọsìn gbogbo sí, ti Kristẹni, ti Mùsùlùmí àti ti Júù. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, kí á sọ òtítọ́, ẹni tí ó ṣe é sì yẹ kí a kan sáárá sí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò ṣe. Hester Piozzi, obìnrin tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ Johnson, ti tẹ ìwé jáde ní 1794 lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jọra, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti yàtọ̀ sí èkejì. Roget kò ṣàlàyé ohunkóhun. Ó kó wọn kalẹ̀ ni, ó sì gbà pé ẹni tí ń kà á ti gbọ́ èdè náà dénú, yóò dá èyí tí ó yẹ mọ̀ bí ó bá ti rí i. Níbẹ̀ ni ewu wà fún ẹni tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí famous àti notorious tí wọ́n jókòó ti ara wọn lè rò pé èyí tí ó gùn jù ni ó dùn jù, kí ó sì fi èyí tí a fi ń pe ògbólógbòó olè yin ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀. Àwa náà kò ṣàì mọ irú rẹ̀. Ọba kì í kú, ọba a máa wàjà. Àgbàlagbà tí ó fi ọmọ sílẹ̀, a ní ó re ibi àgbà ń rè, a kì í sì wí bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ ọwọ́. Ẹni tí ó bá sì dé ààfin tí ó la ẹnu pé kábíyèsí ti kú, ojú tí àwọn ìjòyè yóò fi wò ó, kò ní gbàgbé rẹ̀ láyé. Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì fi èèpo ẹ̀pà sin ènìyàn.

(Ìlù díẹ̀)

Ní ọdún 1852 yìí kan náà, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà, ìwé mìíràn jáde, tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Samuel Àjàyí Crowther ni ó kọ ọ́, ọmọ Òṣoògùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní ọdún kejì tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan jáde ní 1843. Ti 1852 yìí pọ̀ jù ú lọ, ó ní gírámà, ó sì ní òwe rẹpẹtẹ tí ó fi ti àwọn ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, kí òǹkàwé lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé àti àwọn tí ó ń bá rìn. Ohun tí Piozzi fi àlàyé ṣe, òwe ni Crowther fi ṣe é, òye tèmi sì ni pé tirẹ̀ wọni lára ju ti obìnrin náà lọ.

Kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn èyí. Ọdún 11 gbáko ni ó tún fi ń tẹ́tí sí àwọn àgbà, tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ àti òwe sílẹ̀ bí ó ti ń gbọ́ wọn. Ní 1862, iná sọ nílé rẹ̀ ní Èkó, ó sì jó gbogbo àkójọ náà pẹ̀lú ìtumọ̀ Bíbélì tí ó ti kọ sílẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìwé tí a fi ọwọ́ kọ, tí kò ní èkejì, kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní Yunifásítì Glasgow, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1965 láti to gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìtumọ̀-ìtumọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, iná jó ilé tí wọ́n kó ìwé sí ní 1978, ṣùgbọ́n àpótí onírin ni wọ́n kó o sí, ìwé náà yè, iṣẹ́ náà sì di títẹ̀ ní 2009. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bọ́ lọ́wọ́ iná ti Èkó ni èyí tí Crowther ti tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà, a óò ka díẹ̀ nínú àwọn òwe inú ìwé 1852 náà, a óò sì bi àwọn àgbà léèrè bí wọ́n bá ṣì ń pa wọ́n. Ó dìgbà náà o.

(Ìlù dùndún títí dé òpin)