Ẹ Kú Ewu Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkàn Abiyamọ Tuntun

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ìlera ẹgbẹ́ wa sọ níbi àjọyọ̀ ọdún kẹwàá, ní Ilo-Awela, Ọ̀tà)



Wọ́n ní kí àwa ìgbìmọ̀ ètò ìlera sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni ọ̀pọ̀ yín ń retí, nítorí ọjọ́ orí wa ti tó bẹ́ẹ̀. A ti sọ ìyẹn lọ́dún tó kọjá, a ó sì tún sọ ọ́. Lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa obìnrin àti àwọn ìyàwó ọmọ wa la mú wá. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, a ṣì ń san owó iléèwé àwọn ọmọ wa. Ní báyìí, ìkómọ ọmọ-ọmọ ló ń kó wa jọ jù. Àwa la ti di ìyá ọkọ, àwa la ti di bàbá ìyàwó. Bí ọmọ tuntun bá dé, àwa ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè pé ká wá wẹ ọmọ. Ẹni tó bá sì ń wẹ ọmọ ló ń rí ojú ìyá ọmọ láràárọ̀, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó rí i.

Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń kí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. “Ẹ kú ewu ọmọ” la máa ń sọ. Àwọn tó dá ìkíni yẹn sílẹ̀ mọ̀ pé ewu ni. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ewu ti parí ní kété tí ọmọ bá ti ké, tí ibi sì ti jáde. Láti ìgbà náà, ojú ọmọ ni gbogbo wa ń wò. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni. Ta ló wá ń wo orí ẹni tó pọn ọmọ náà?

Ẹkún wà tí kò yẹ kó dẹ́rù bà wá. Ó ju ìdajì àwọn ìyá tuntun lọ tó máa ń sunkún láìnídìí láti nǹkan bí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìbímọ. Inú á dùn, inú á tún bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ara tó ń padà bọ̀ sípò àti àìsùn ló ń fà á. Kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Oúnjẹ gbígbóná, oorun àti ọ̀rọ̀ tútù ti tó o.

Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ nìyẹn. Ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́. Ọmọ sùn, òun ò lè sùn. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu. Ó ń sọ pé òun kì í ṣe ìyá rere, pé ì bá sàn kí ẹlòmíràn máa tọ́ ọmọ yìí. Nígbà míì, ó ń rò ó pé kí òun kú. Ó lè bẹ̀rẹ̀ nínú oyún, ó sì lè dé nígbàkigbà láàárín ọdún àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn kò banújẹ́ lójú rárá. Àyà ló ń já a. Ó ń jí lóru lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti fi ọwọ́ sí imú ọmọ bóyá ó ń mí. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ. Èrò burúkú kan ń wá sí i lọ́kàn láìpè é, pé ọmọ á já bọ́ lọ́wọ́ òun, ìtìjú ò sì jẹ́ kó lè sọ ọ́ fún ẹnì kan. Àìbalẹ̀ ọkàn tó le nìyẹn, òun àti ìrẹ̀wẹ̀sì sì sábà máa ń rìn pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ìyá wa mọ̀ ní orúkọ: abísínwín. Ó ṣọ̀wọ́n, bíi ẹyọ kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, ó sì máa ń yára dé, ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Obìnrin náà kò sùn, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò ní orí tàbí ìdí, ó ń gbọ́ ohùn tí a ò gbọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ má sì fi òun àti ọmọ sílẹ̀ ní àwọn nìkan. Èyí kò ní “ẹ jẹ́ ká wò ó dọ̀la”.

Ohun tí a ti ṣàkíyèsí ládùúgbò wa ni pé nítorí abísínwín ní orúkọ, obìnrin tí kò bá tíì sọ aṣọ nù la kà sí ẹni tí ara rẹ̀ yá. Ìrẹ̀wẹ̀sì tí kò ní orúkọ là ń pè ní ọ̀lẹ, tàbí ìwà àṣejù, tàbí “àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí”. Ẹlòmíràn á ní ọmọ tó bí ni kò dára. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣọ̀wọ́n o. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, nǹkan bí ìyá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ní àìsàn ọkàn lẹ́yìn ìbímọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní 2005, Dókítà Abiodun Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìyá ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n rí pé ó ń bá a rìn ni pé ọmọ obìnrin ni ìyá náà bí. Ẹ̀yin bàbá ọkọ tí ẹ ń béèrè “kí ló bí?” kí ẹ tó béèrè “báwo ni ìyá ọmọ?”, a ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìtọ́jú rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Wọ́n á ní, “Ọ̀rọ̀ lásán? Àwa náà ń bá a sọ̀rọ̀.” Kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ tiwa. Tiwa ni “mú ọkàn le, èmi bí mẹ́fà, mo sì ń lọ sí ọjà”. Ẹni tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ yìí máa ń béèrè, á sì gbọ́ èsì tán.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìyá kan ní yàrá kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa níbí. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe ṣíìfù alẹ́ ní ilé-iṣẹ́. Tó bá dé láàárọ̀, ó fẹ́ sùn, ọmọ ń ké. Ìyàwó á gbé ọmọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí di ọ̀sán. Lálẹ́, òun nìkan ló wà pẹ̀lú ọmọ. Omi kò sí, a gbọ́dọ̀ pọn ọ́n. Tí nọ́ọ̀sì bá ní kó ka ìṣòro rẹ̀, á ka mẹ́wàá. Wọ́n á jọ yan ẹyọ kan tó ṣeé mú, ká sọ pé oorun. Wọ́n á jọ wá ọ̀nà: ṣé ọkọ lè gbé ọmọ fún wákàtí méjì kó tó sùn? Ṣé ìyá ọkọ lè gbà á láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mọ́kànlá? Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa yan èyí tó bá a lára mu. Á lọ dán an wò, á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wá sọ bó ṣe rí. Ó lè dà bí eré lójú wa. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń kó gbogbo ìṣòro pọ̀ di òkè kan ṣoṣo, ìtọ́jú yìí sì ń tú òkè náà sí òkúta kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ lè gbé.

Irú míì wà tó jẹ́ pé èrò ọkàn ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ìyá ní, “Ìyá burúkú ni mí.” Wọn ò ní bá a jiyàn. Wọ́n á ní, “Kí lo rí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?” Á ní ọmọ ń ké, òun ò mọ ohun tó fẹ́. “Ọmọ ta ni kì í ké?” Díẹ̀díẹ̀ ni ojú rẹ̀ á máa là sí i. Ẹni tó ń yẹ imú ọmọ wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóru, wọn ò ní ní kó dá a dúró lẹ́sẹ̀ kan náà. Wọ́n á jọ dín in kù sí mẹ́jọ, sí márùn-ún, títí ọkàn rẹ̀ á fi gbà pé ọmọ ń mí bí òun ò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kò sì dìgbà tí a bá rí ọ̀jọ̀gbọ́n kí èyí tó ṣeé ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dán an wò ní kílíníìkì 29 ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pẹ̀lú aláboyún 686 tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Àwọn òṣìṣẹ́ kílíníìkì aláboyún lásán ni wọ́n kọ́ tó ṣe ìtọ́jú náà. Àwọn ìyá kan gba ìtọ́jú wíwá ojútùú ìṣòro lọ́sẹ̀ mẹ́jọ léraléra. Àwọn yòókù gba ìtọ́jú tó fúyẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ti gba ẹ̀kọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyá méjèèjì ló ti gbádùn nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà. Àwọn tí tiwọn le gan-an nìkan ni ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà ṣe láǹfààní jù fún. Inú wa dùn sí èsì yẹn púpọ̀, nítorí òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó wà nítòsí wa.

Tó bá le, dókítà á fi oògùn kún un. Oògùn wà tí ìyá lè lò tí á sì máa fún ọmọ lọ́mú, dókítà ló mọ èyí tó jẹ́. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Ẹ má ra oògùn oorun fún un ní kẹ́míìsì. Ẹ gbàdúrà fún un, ẹ tún mú un dé kílíníìkì.

Àwọn kan ń bẹ̀rù orúkọ Àrò. Ẹ̀yin ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò yẹ kí Àrò jẹ́ ọ̀rọ̀ èébú lẹ́nu wa. Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé níbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, níbi tí aláìsàn ti ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ayé wá wò ó. Láti 2011, Àrò tún ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé ní ìpínlẹ̀ wa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àìsàn ọkàn. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní January 2023 náà ti fagi lé òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà yìí, ọ̀rọ̀ kan kàn yín. Abala 54 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ gbà tó dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Tó bá padà dé, ó ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fi tọ́jú ọmọ lọ́mú. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ojúmọ́ ni kì í sábà rí i gbà. Ẹ̀yin lẹ lè bá wọn sọ ọ́ níbi tí ẹ wà.

Ohun tí ìgbìmọ̀ wa fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe kò pọ̀. Ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta yìí ni ìyá máa jókòó níwájú nọ́ọ̀sì, káàdì ọmọ nìkan ni wọ́n sì ń wò. Kí ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó bá a lọ, kó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa béèrè ìlera ìyá náà.” Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n ṣe ní Edinburgh ní Scotland ní 1987, nípa bí ìyá ṣe rí láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, wọ́n ti ń lò ó ní Nàìjíríà pẹ́. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Èkejì, a rọ̀ yín pé kí ẹ̀bùn ìkómọ tí ẹgbẹ́ ń fún ọmọ-ọmọ ẹlẹgbẹ́ wa pín sí méjì láti oṣù tó ń bọ̀: kí ìdajì jẹ́ ti ọmọ, kí a fi ìdajì san owó ẹni tí á máa bá ìyá fọṣọ, pọnmi, títí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Báàfù àti aṣọ ìnura ti pọ̀ nílé gbogbo wa.

Lẹ́yìn ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì kan á wá kọ́ wa bí a ṣe lè béèrè ìbéèrè mẹ́wàá yẹn ní èdè wa. Ẹni tó bá ní ìyá tuntun nílé báyìí tí ọ̀rọ̀ yìí jọ tirẹ̀, kó rí ọ̀kan nínú wa kó tó lọ lónìí. A kò ní kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.