Ohun Tí Ìwé Àyẹ̀wò Ìgbẹ́ Ọmọ Ń Sọ



Bí ọmọ ọdún kan sí méjì bá ya ìgbẹ́ gbuuru títí ó fi rù, ilé ìwòsàn lè béèrè ìgbẹ́ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì bá jáde, òbí kan a gbọ́ pé wọn kò rí nǹkan, a sì gbé ọmọ lọ sílé. Òmíràn a gbọ́ orúkọ kòkòrò, a sì sáré lọ ra oògùn tí aládùúgbò júwe.

Awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ni wọ́n fi ń wo ìgbẹ́. Ó ń fi ẹyin aràn, amíbà, ẹ̀jẹ̀ àti ọyún hàn. Kò lè fi fáírọ́ọ̀sì hàn, bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì tí a ń pè ní rotavirus wà lára olórí ohun tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru ọmọ wẹ́wẹ́. Òun ni Nàìjíríà tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kán oògùn àjẹsára sí ọmọ lẹ́nu ní 2022. Ìwé tí ó ní wọn kò rí nǹkan kò wí pé ara ọmọ ti dá.

Aràn àti amíbà pàápàá kì í hàn lójoojúmọ́. Nítorí náà ni dókítà ṣe lè béèrè ìgbẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹni tí ń ti ahéré kòkó bọ̀ wá sí Àlàdé tàbí Òdòde fi èyí sọ́kàn: láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, amíbà inú ìgbẹ́ olómi ti lè kú. Ó sàn kí ọmọ ṣu ní ilé ìwòsàn, sínú ike mímọ́, láìsí ìtọ̀ nínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì rí ẹyin aràn ńkọ́? Ọmọ tí ń ṣeré nínú erùpẹ̀ lè ti gbé aràn pẹ́ kí àìsàn yìí tó dé. Kí ó lo oògùn aràn tí dókítà fún un, ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ pé aràn náà ni ó fa ìgbẹ́ gbuuru.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró de ìwé bí ọmọ bá ń ṣu ẹ̀jẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá jìn, bí ó bá ń sunkún láìsí omijé, tàbí bí kò bá tọ̀. Kí wọ́n máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà ní ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Síǹkì tí wọ́n bá fún un, kí ó lò ó fún ọjọ́ 10 sí 14 tí wọ́n dá, ìbáà ṣe pé ìgbẹ́ náà ti dá ní ọjọ́ kẹta.