Ohun Tí Ń Sú sí Ara

Yorùbá kì í sáré dárúkọ ohun tí ó bá sú sí ènìyàn lára. Ṣànpọ̀nná ni àrùn náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa pè é ní Olóde tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná, nítorí ìbẹ̀rù òrìṣà tí ó ni ín. Àdàpè yìí bójú mu. Síbẹ̀ ó léwu. Ilẹ̀ẹ́gbóná kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe ṣíkínpọ́ọ̀sì, tí ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣànpọ̀nná nígbà ayé rẹ̀ a máa pa nǹkan bí 3 nínú ènìyàn 10 tí ó bá mú.

Àwọn oníṣègùn pàápàá a máa ṣìnà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù October 1977, ní ìlú Merca ní ilẹ̀ Sòmálíà, ọkọ̀ kan ń gbé ọmọ méjì tí ṣànpọ̀nná mú lọ sí ibi tí a ó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí. Ali Maow Maalin, alásè ilé ìwòsàn, ẹni ọdún 23, wọ inú ọkọ̀ náà láti fi ọ̀nà han awakọ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun yẹra fún bíbupá nítorí pé òun bẹ̀rù oró rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, wọ́n ní ibà ni; nígbà tí ara rẹ̀ sú, wọ́n ní ṣíkínpọ́ọ̀sì ni, wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tí ó lọ fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn aláṣẹ létí! Ara Maalin yá, kò sì kó o ran ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 8 oṣù May 1980 ni a kéde pé ṣànpọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé.

Kí ni ó yẹ kí wọ́n ti wò? Ojú, apá àti ẹsẹ̀ ni ti ṣànpọ̀nná máa ń pọ̀ sí, títí kan àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ a sì máa gbó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àyà àti ẹ̀yìn ni ti ṣíkínpọ́ọ̀sì ń pọ̀ sí. Bí èyí ti ń gbẹ ni òmíràn ń yọ. Nígbà tí àrùn tí a ń pè ní mpox lónìí tún yọjú ní Nàìjíríà ní 2017, lẹ́yìn ọdún 39, ó jọ ṣànpọ̀nná púpọ̀, àfi pé kókó a sábà máa wú sí aláìsàn lọ́rùn tàbí lábíyá.

Ti èéyí tún yàtọ̀. Ikọ́, ọ̀fìnkìn àti ojú pípọ́n ni ó máa ń ṣáájú. Ìwé òyìnbó a máa ní kí a wá àmì pupa, ṣùgbọ́n pupa náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára adúláwọ̀. Ìyá tí ó bá fi ọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ níwájú orí àti lẹ́yìn etí yóò ti mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.