Àgbàdo Tútù Kì Í Dúró Dẹni

Ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, ní ẹkùn Plateau ní orílẹ̀-èdè Benin, òjò àkọ́rọ̀ ló ń mú àgbàdo tútù wá. Èyí tí àgbẹ̀ gbìn ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin máa ń tó ṣẹ́ ní oṣù kẹfà sí ìkeje.

Obìnrin tó mọ̀ ọ́n sè kì í jẹ́ kó sùn mọ́jú. Bí wọ́n bá ti ṣẹ́ àgbàdo lára igi báyìí, ṣúgà inú hóró rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di sítáàṣì, ooru oòrùn sì ń mú un yá sí i. Abájọ tí èyí tó ti oko bọ́ sínú ìkòkò tààrà fi ń dùn ju èyí tó ti pẹ́ lórí àtẹ ọjà Ikpinlè lọ.

Èékánná ni wọ́n fi ń dán an wò. Bí omi funfun bíi wàrà bá tú jáde, ó tó sè nìyẹn. Èyí tó bá ti le, kó di ògì.

Èèpo òde nìkan ni kí wọ́n bó. Èèpo inú tó fẹ́lẹ́ ń pa adùn rẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ má ṣe jù ú nù! Omi á bò ó, iyọ̀ díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Àgbọn ni kí ẹ fi jẹ ẹ́, nígbà tó ṣì gbóná.