Kí A Tó Gbé Kọ̀ǹpútà Wọ Ṣọ́ọ̀bù Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí Alábẹ̀wò Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Bàrígà

Akọ̀wé yín ló kọ̀wé sí mi pé ẹgbẹ́ mẹ́ta láàrin yín tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣírò ọjà, pé kí n wá sọ bí ó ti yẹ kí a gbé e kalẹ̀. Inú mi dùn sí ìwé náà, nítorí pé ó dé ọ̀dọ̀ mi kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pè mí, ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni wọ́n ń rántí mi.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpútà dẹ́rù bà yín bí ẹni pé ti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan ni. Àwọn tó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ òwò, ontíì àti oníkéèkì ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ J. Lyons ní Lọ́ńdọ̀nù ni, ní ọdún 1951. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n pè é ní LEO, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì gbé lé e lọ́wọ́ ni ìṣírò iye owó ohun tí ilé búrẹ́dì wọn ń ṣe jáde. Ṣùgbọ́n kí Lyons tó kọ́ ẹ̀rọ, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀ létòlétò lórí ìwé. Ẹgbẹ́ tí ìwé ọjà rẹ̀ bá rí wúruwùru, tó wá ra kọ̀ǹpútà pé òun ni yóò tún un ṣe, wúruwùru kan náà ni yóò rí, àfi pé yóò yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kò ju ìwé mẹ́rin lọ. Ìwé kan wà fún orúkọ ọjà: kí ni ó ń jẹ́, kí ni a fi ń wọ̀n ọ́n, èló ni a ń tà á, iye wo ni yóò ṣẹ́ kù kí a tó lọ ra òmíràn. Ìwé kan wà fún ọjà tó wọlé, ìkan fún ọjà tó jáde. Ìwé kẹrin ni ti ọjà tí a fi ojú rí tí a sì fi ọwọ́ kà. Ẹ mú iye tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi èyí tó wọlé kún un, ẹ yọ èyí tó jáde kúrò. Iye tó yẹ kó wà lórí pẹpẹ nìyẹn. Ìwé kẹrin ni yóò sọ bóyá ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Kọ̀ǹpútà lè bá yín ṣe ti mẹ́ta àkọ́kọ́ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ìkẹrin kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọjà tó jáde kì í sì í ṣe èyí tí a tà nìkan. Ìrẹsì tí eku jẹ, ẹyin tó fọ́, wàrà tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ọṣẹ tí ẹgbẹ́ fi ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kan lálejò níbi ìsìnkú, èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ gbà ní àwìn títí di òpin oṣù: gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ní ojú ìwé tirẹ̀. Ètò tí kò bá ní àyè fún ẹyin tó fọ́, ọrùn ọmọ tó ń tajà ni yóò gbé ẹyin náà kọ́.

Ibi tí mo fẹ́ dúró pẹ́ sí lónìí ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń wó. Àpò ni a fi ń ra ìrẹsì, kóńgò ni a fi ń tà á. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni a fi ń ra epo, ìgò ni a fi ń tà á. Ẹ̀yin onítẹ̀wé ń ra bébà ní ríìmù, 500 ni ó wà nínú ríìmù kan, ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ lè wá gba 40 péré, òmíràn a sì ní kí a gé tòun sí wẹ́wẹ́, etí tó bọ́ sílẹ̀ yóò di ìdọ̀tí. Ọmọ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tó kàwé ní Akọ́kà tàbí ní Yábàá, páálí Indomie ni ó rọrùn fún un: páálí kan, 40 nínú rẹ̀, àmì dúdú àti funfun sì wà lára rẹ̀ tí ẹ̀rọ lè kà. Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ohio ní Amẹ́ríkà, lára ṣingọ́ọ̀mù, láti ìgbà náà ni ọjà inú páálí ti di ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn. Kóńgò kò ní àmì lára. Kóńgò tí a fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ dọ́gba, àti èyí tí a jẹ́ kó ga sókè nítorí pé ìyá arúgbó ló wá rà á, méjì ni wọ́n.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọlé, oṣù mẹ́ta kọjá, wọ́n ta àpò ìrẹsì 40. Kọ̀ǹpútà ní kóńgò 120 ti sọnù. Ìgbìmọ̀ pe ọmọbìnrin tó ń tajà, wọ́n ní kí ó san án. Ọmọ náà ń sunkún; ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ti fẹ́ yọ owó àjẹṣẹ́kù rẹ̀ san án kí orúkọ ilé wọn má bàa bàjẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí n wá fọwọ́ sí ìwé. Mo ní kí wọ́n gbé odidi àpò kan wá, kí wọ́n tẹ́ ẹní, kí ìyá tó dàgbà jù nínú wọn fi kóńgò ṣọ́ọ̀bù wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ènìyàn. 33 ni ó jáde. A wọn èkejì, 33 náà ni, pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò kún kóńgò. 36 ni wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà. Níbo ni wọ́n ti rí 36? Ẹni tó kọ ètò náà ló béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ lórí fóònù, ìyẹn sì sọ èyí tó wá sí i lẹ́nu. Kóńgò mẹ́ta tí kò sí láyé ni wọ́n ń kà mọ́ àpò kọ̀ọ̀kan. Nínú àpò 40, 120 ni yóò jẹ́. Ẹyọ kan kò sọnù.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹnìkan ọ̀hún bá wá jẹ́ ẹ̀rọ ńkọ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àìmọ̀wé tiwa ló fa irú èyí, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1999 ni Post Office wọn ti gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Horizon, tí ilé-iṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó, sínú àwọn ẹ̀ka wọn káàkiri, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka náà ló sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù àdúgbò bíi tiyín. Kọ̀ǹpútà á ní owó kò pé. Àdéhùn tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi mú àwọn alábòójútó ẹ̀ka pé kí wọ́n fi owó ara wọn dí i. Láàrin ọdún 1999 sí 2015, àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lé ní 900. Obìnrin kan wà tí wọ́n rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 2010 tòun ti oyún nínú. Ọ̀gbẹ́ni Alan Bates, tí òun náà ti ṣe alábòójútó ẹ̀ka ní Wales, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, àwọn 555 ló para pọ̀ pe ẹjọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, adájọ́ sọ pé àbùkù wà nínú Horizon tó lè mú kí owó dà bí ẹni pé kò pé. Ó tún hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè ti òkèèrè wọ inú ìṣírò ẹ̀ka, kí wọ́n yí i padà, kí alábòójútó má mọ̀ rárá. Ọdún 2024 ni ilé aṣòfin wọn tó ṣe òfin tó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdálẹ́bi wọ̀nyẹn rẹ́. Àwọn mìíràn ti kú kí òfin náà tó dé.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá pe ẹni tí yóò kọ ètò fún yín, ẹ má kọ́kọ́ béèrè bí ojú rẹ̀ yóò ti rẹwà tó. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ ìparẹ́. Láyé ìwé lẹ́jà, bí akọ̀wé bá ṣì í kọ, yóò fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín rẹ̀, yóò kọ èyí tó tọ́ sókè, yóò sì fọwọ́ sí i, kí ẹni tó ń yẹ ìwé wò lè rí méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí kọ̀ǹpútà ṣe: kí ó fi ti àná sílẹ̀, kí ó kọ ti òní sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tún un ṣe, ọjọ́ àti wákàtí. Èyí kan ẹni tó kọ ètò náà fúnra rẹ̀. Kí olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀ tí yóò fi wọlé. Ṣọ́ọ̀bù tí akọ̀wé, akápò àti ọmọ ìtajà ti ń lo ẹyọ kan, ìṣírò rẹ̀ kò lè jẹ́rìí mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a bá ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́, kí ẹ̀rọ tẹ ohun tí a tà lọ́jọ́ náà jáde, kí ọmọ ìtajà àti akápò jọ fọwọ́ sí i, kí ọmọ náà sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Ìwé kékeré yẹn ni aṣọ tó bò ó lára.

Ní ti kíka ọjà, kí a máa ka ìrẹsì, gàrí àti epo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyókù lóṣooṣù. Kí àwọn méjì kà á, kí wọ́n má sì wo iye tí kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n tó kọ tiwọn sílẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ pé 17 ni à ń retí, 17 ni ojú rẹ̀ yóò rí. Bí kíkà àti kọ̀ǹpútà kò bá bára mu, ìbéèrè ni ó jẹ́, kò tíì di ẹ̀sùn. Ẹ kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n, ẹ wo ọjà tó wọlé tí a kò kọ, ẹ wo àwìn, ẹ wo eku. Olè wà o, n kò sọ pé kò sí. Mo ti bá wọn pàdé, àwọn míì nínú wọn wọ agbádá ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni kí a tó pe orúkọ ènìyàn.

Owó ọjà tí kì í dúró lójú kan náà ń fẹ́ àmójútó. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa díye lé, ẹ mọ ohun tí ojú wa ti rí. Ká ní ẹ ra àpò 10 ní ₦70,000, ẹ tún ra 10 ní ₦76,000, ẹ wá ta 12 ní ₦78,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ètò yín bá ka èyí tó kọ́kọ́ wọlé sí èyí tó kọ́kọ́ jáde, èrè yín jẹ́ ₦84,000. Bí ó bá fi owó ìkẹyìn ka gbogbo rẹ̀, ₦24,000 ni yóò sọ. Nínú èrè yìí ni a ó ti pín fún ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ti rajà sí. Ẹ yan ọ̀nà kan ní ìpàdé gbogbogbòò, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, kí ẹnikẹ́ni má sì yí i padà láàárín ọdún.

Iná kò ní ṣàìlọ. Ẹ jẹ́ kí ìwé rìsíìtì tó ní ẹ̀dà wà lórí kóńtà, kí a máa kọ ọ́ bí iná bá lọ, kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ bó bá dé. Kí akápò máa da ìṣírò kọ sórí fíláàṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì gbé e sí ilé mìíràn. Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì ni omi òjò tàbí olè yóò jọ gbé. Kí àdéhùn sì sọ ọ́ gbangba pé ẹgbẹ́ ló ni ètò àti ìṣírò inú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àṣírí àgbà wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa lọ́wọ́ alága. Àwọn ọmọ yìí ń rìnrìn àjò. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí ọmọ tó kọ ètò wọn ti wà ní Kánádà, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí yóò jí lóru kó tó lè ṣí ìṣírò wọn fún wọn.

Oṣù mẹ́ta ni kí ìwé ọjà àti kọ̀ǹpútà jọ máa rìn pọ̀ kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí oríṣi ọjà rẹ̀ kò bá ju 50 lọ, lójú tèmi, ìwé ṣì tó o, kí ó fi owó náà rajà.

Mo gbé àpò ìrẹsì kan wá, ó wà lẹ́yìn alága yẹn. Kí n tó gba ìbéèrè, kí àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta náà mú kóńgò ṣọ́ọ̀bù wọn bọ́ síwájú bí akọ̀wé ti sọ fún wọn, kí a wọ̀n ọ́n lójú gbogbo yín. Mo ti wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dà bí ẹni pé wọn kò dọ́gba.