Ká Tó Kó Ẹja Sínú Gíláàsì

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ẹja ọbẹ̀. Ẹja ìwòran ni, èyí tí à ń sìn sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀, tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri tí ọkàn ẹni fi ń balẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ra ẹja kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí wọn kò mú un wá títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹja mélòó ni yóò ṣì wà láàyè nínú omi yìí? Iye ẹja tí àpótí yẹn gbà nìyẹn. Kì í ṣe iye tí owó wa ká, kì í sì í ṣe iye tí ẹni tó ń tà á ní ká kó.

Ẹja ń mí bí àwa náà ti ń mí, ṣùgbọ́n ọ́síjìn tó ti yòrò sínú omi ló ń lò. Ojú omi ni ọ́síjìn yẹn ń gbà wọlé. Ẹ̀rọ kékeré tó ń yọ ìfófòó lábẹ́ omi, ojú omi ló ń rú kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Bí iná bá lọ, ojú omi á pa rọ́rọ́, ohun tó ń wọlé á dín kù, ṣùgbọ́n àwọn ẹja kò ní tìtorí ìyẹn yéé mí. Ooru ilẹ̀ wa tún ń dá kún un. Omi tó wà ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè gba ọ́síjìn bíi mílígíráàmù 9 nínú lítà kan. Tó bá di ìwọ̀n 30, kò lè gbà ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Ẹ sì mọ bí pálọ̀ wa ṣe ń gbóná lóṣù kẹta kí òjò tó dé. Ewéko inú omi pàápàá, tó ń tú ọ́síjìn jáde lọ́sàn-án, ń lò ó lóru. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìdájí ni ẹja sábà máa ń kú. Bí ẹ bá jí tí ẹ bá wọn tí wọ́n yọnu sójú omi, tí wọ́n ń ya ẹnu, kì í ṣe ebi. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wá.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ: "Àrọ̀ tí mò ń sìn lẹ́yìnkùlé ńkọ́? Wọ́n há gádígádí nínú táńkì, wọn kò sì kú." Òótọ́ ni. Àmọ́ àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí rẹ̀ tó fi ń gba afẹ́fẹ́ lókè omi, ìyẹn ló jẹ́ kó lè gbé nínú ẹrẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja ìwòran kò ní irú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú táńkì àrọ̀ wo àpótí gíláàsì, àfàìmọ̀ kó má pa wọ́n tán.

Ẹ jẹ́ ká wá fi kéègì ṣírò iye ẹja tí àpótí gbà. Àpótí tó wọ́pọ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 30, ó ga ní 30. Lítà 54 ni lórí ìwé. Bí a bá da iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta sí i, tí a kò sì bu omi kún un dé ẹnu, ó kù bíi 45. Kò tó kéègì lítà 25 méjì! Ẹja kéékèèké tí kì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, bíi méje ti tó nínú rẹ̀ nílẹ̀ wa níbí. Àwọn tó ń sin ẹja l'Amẹ́ríkà ní òfin àtijọ́ kan: ínṣì ẹja kan fún gálọ́ọ̀nù omi kan, gálọ́ọ̀nù tiwọn sì jẹ́ lítà mẹ́rin dín díẹ̀. Òfin náà wúlò fún ẹja wẹ́wẹ́. Fún ẹja ńlá, ẹ̀tàn ni, nítorí ẹja oní-ínṣì mẹ́wàá kan ń jẹ, ó ń yàgbẹ́, ó sì ń mí fíìfíì ju ẹja oní-ínṣì kan mẹ́wàá lọ. Èmi á ní kí ẹnikẹ́ni tí iná rẹ̀ kò dúró déédéé dín iye tí òfin yẹn bá mú wá kù. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra àpótí, ẹ ra èyí tó gbòòrò, ẹ fi èyí tó ga tí ojú rẹ̀ há sílẹ̀, torí ojú omi ni ẹja fi ń mí.

Ìwọ̀n tí ẹja máa dàgbà dé ni kí ẹ fi kà á, ẹ má fi ti ọjọ́ tí ẹ rà á. Ẹja Oscar tó gùn bí ìka ọwọ́ lónìí lè tó sẹ̀ǹtímítà 30. Goldfish lè ju 20 lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ pọ̀, omi tútù ló sì fẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní shark, Pangasius gan-an lorúkọ rẹ̀, lè ju mítà kan lọ. Kò sí pálọ̀ tí yóò gbà á.

Ó tún ku ti ìwà wọn. Ẹja tí ẹnu rẹ̀ bá gba òmíràn máa gbé e mì, kò sí ẹ̀kọ́ ilé tó lè gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ má ju ọmọ àrọ̀ sáàárín ẹja wẹ́wẹ́. Òjìjí odò wa, tí iná ń bẹ lára rẹ̀, kò ṣeé bá gbé rárá. Angelfish tó ti dàgbà lè jẹ neon tetra. Akọ betta méjì lè jà títí ọ̀kan á fi kú. Tiger barb tí kò bá pọ̀ tó ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹbẹ àwọn tó kù jẹ. Neon ní tirẹ̀, ẹlẹ́gbẹ́ ni. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ó kéré tán, mẹ́fà ni kí ẹ rà, kí ẹ má ra oríṣi mẹ́fà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Guppy kì í bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ abo kan lè bí 20 sí 50 lóṣooṣù, ó sì lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú fún oṣù mélòó kan. Nítorí náà, akọ nìkan ni kí ẹ rà bí ẹ kò bá fẹ́ kí àpótí fúnra rẹ̀ kún.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ: kribensis. Ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ìhà gúúsù Nàìjíríà ni wọ́n ti ń rí i, odò Ethiope ní ìpínlẹ̀ Delta wà lára ibẹ̀. Àwọn ará Jámánì àti Amẹ́ríkà ń fi owó gidi rà á, àwa tí a ni ín kò sì mọ̀ ọ́n. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ, ikùn abo rẹ̀ sì ń pọ́n bí àsìkò ẹyin bá tó. Tọkọtaya kan ti tó fún àpótí kan. Ẹ fi àfọ́kù ìkòkò tàbí èèpo àgbọn ṣe ihò fún wọn. Bí wọ́n bá ti yé ẹyin, wọ́n á lé gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ibẹ̀.

Ẹ wo omi ilé yín pẹ̀lú. Òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà lábẹ́ ilẹ̀ Ṣàgámù, omi kànga ibòmíràn níbẹ̀ sì lè jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀. Guppy àti molly fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀. Neon kò fẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, ẹ pọn ọ́n kalẹ̀ di ọjọ́ kejì kí oògùn tí wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀ lọ.

Ẹ má kó gbogbo ẹja wọlé lọ́jọ́ kan. Ìgbẹ́ wọn ń di amóníà, májèlé ni. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, tó ń gbé nínú fóòmù ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ló ń pa á rọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n fi ń pọ̀ tó. Mẹ́ta ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa pàrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, omi inú àpótí náà sì ni kí ẹ fi ṣan fóòmù, kì í ṣe omi ẹ̀rọ.

Bí iná bá lọ lóru, ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Ẹ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì. Bí kò bá sí, ẹ fi ife bu omi àpótí náà, kí ẹ máa dà á padà láti òkè bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí kan.

Ẹni tí àpótí tirẹ̀ ti kún jù báyìí, ẹja tó tóbi jù ni kó kọ́kọ́ yọ. Kó dá a padà fún ẹni tó tà á, tàbí kó fún ẹni tó ní adágún omi ńlá tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni nípa ẹranko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sínú odò Uren tàbí Ibu. Guppy kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ó ti wà nínú àwọn kànnáà Èkó báyìí, kò sì sí ẹni tó lè kó o kúrò níbẹ̀ mọ́.